Kí Wọ́n Tó Ka Owó Orí

Ìlà méjì kan wà lórí péésílíìpù òṣìṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe ju ká wò ó, ká sì mí kanlẹ̀ lọ. Ọ̀kan ni owó orí, èkejì ni owó ìfẹ̀yìntì. Ojú kan náà la fi ń wo méjèèjì: owó tí wọ́n ti gé kó tó dé ọwọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n wọn kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú kúrò, orí ohun tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n sì ti ń ka owó orí. Ẹni tó bá fẹ́ kí owó orí òun dín kù láìṣe èrú, ọ̀nà kan tó ṣí sílẹ̀ fún un ni kó mú owó ìfẹ̀yìntì tobi sí i. Òfin fọwọ́ sí i. Àfikún àtinúwá ni mo máa pè é níhìn-ín, torí pé kò sẹ́ni tó ń fipá mú òṣìṣẹ́ láti san án.

Ó yà mí lẹ́nu pé nílẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí ìwé kíkà àti iṣẹ́ ìjọba ti di ogún ìdílé láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Kàbà, ọ̀rọ̀ yìí kì í sábà jẹ yọ nínú ìpàdé ẹgbẹ́. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbéga, nípa àjẹẹ́lẹ̀ owó oṣù, nípa ọdún tí kálukú máa fẹ̀yìn tì. Ohun tí èèyàn fi máa jẹun lẹ́yìn náà, a máa ń fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run àti àwọn ọmọ.

Òfin Àtúnṣe Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Òfin ọdún 2004 ló rọ́pò. Lábẹ́ ti 2004, ìdá 7.5 nínú 100 ni òṣìṣẹ́ ń san, agbanisíṣẹ́ náà sì ń san ìdá 7.5. Ti 2014 sọ ọ́ di ìdá 8 fún òṣìṣẹ́ àti ìdá 10 fún agbanisíṣẹ́, ó kéré tán. Iye tí wọ́n ń kà á lé kò gbọ́dọ̀ kéré sí àpapọ̀ owó oṣù gangan, owó ilé àti owó ọkọ̀. Àkáǹtì tí orúkọ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní RSA, ni owó náà ń lọ. PEN ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀. Abala kẹrin òfin náà wá sọ pé òṣìṣẹ́ lè fi owó mìíràn kún ìdá 8 rẹ̀ bó bá wù ú. Abala kẹwàá ló gbé adùn ọ̀rọ̀ náà: owó tí a bá san sínú ètò yìí, wọn kò gbọ́dọ̀ ka owó orí lé e.

Àwọn tó fẹ̀yìn tì kí ètò yìí tó dé mọ ohun tó rọ́pò. Nígbà yẹn, inú ìṣúnà owó ọdọọdún ni ìjọba ti ń san pẹ́ńṣọ̀n. Bí ìṣúnà bá dára, ó dára. Bí kò bá dára, àgbàlagbà á máa wọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò, á tò sórí ìlà nínú oòrùn láti fi hàn pé òun ṣì wà láàyè. Ètò tuntun kò mú gbogbo ìyẹn kúrò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú ọdún 2004 ṣì ní ẹ̀tọ́ àtijọ́ tí ìjọba gbọ́dọ̀ san sínú RSA wọn, gbèsè yìí sì ga débi pé ní oṣù kejì ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí yíyá ₦758 bílíọ̀nù láti fi san gbèsè owó ìfẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n owó tí òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ san wọlé kò sí nínú gbèsè yẹn. Ó wà nílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn ní àdúgbò wa? Olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Lọ́kọ́ja. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Ahmadu Bello University tó wà ní Kàbà. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, òṣìṣẹ́ báǹkì, àti àwọn ọmọ wa tó ń jí lọ sí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Òbájánà. Ní ti ilé iṣẹ́ aládàáni, òfin mú gbogbo èyí tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní dandan. Olùkọ́ ilé ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀nà tiwọn, torí pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀; ẹni tí kò bá ní RSA kò ní ohun tó máa fi àfikún kún. Ètò kékeré tí wọ́n fi lọ́lẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2019 fún oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ lè jẹ́ ọ̀nà fún ẹlòmíràn. Mi ò ní dúró lórí rẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká wá fi owó ṣe é, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń yé èèyàn.

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 ni òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èyí tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025. Lábẹ́ rẹ̀, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún kan kò ní owó orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú 100. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ìdá 18. Ó ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé ìdá 25 fún àwọn tí owó wọn lé ní ₦50,000,000, àwọn yẹn sì ní agbẹjọ́rò tó ń bá wọn ka tiwọn.

Ká ní olùkọ́ kan ń gba ₦300,000 lóṣù, ìyẹn ₦3,600,000 lọ́dún, ká sì gbà pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ka owó ìfẹ̀yìntì lé. Ìdá 8 rẹ̀ jẹ́ ₦288,000. Ó ku ₦3,312,000. ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdá 15 lórí ₦2,200,000 jẹ́ ₦330,000. Ìdá 18 lórí ₦312,000 tó kù jẹ́ ₦56,160. Gbogbo owó orí rẹ̀ lọ́dún náà jẹ́ ₦386,160.

Ká wá ní ó kọ̀wé pé kí wọ́n máa mú ₦20,000 sí i lóṣooṣù sínú RSA òun. Ìyẹn jẹ́ ₦240,000 lọ́dún. Owó tí wọ́n máa ka owó orí lé wálẹ̀ sí ₦3,072,000, owó orí rẹ̀ sì di ₦342,960. ₦43,200 ló yọ níbẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ₦240,000 wọ àkáǹtì rẹ̀, ṣùgbọ́n ₦196,800 péré ló dín nínú owó tó ń mú lọ sílé. Ìjọba ló san ìyókù, nínú owó orí tí ì bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí alájọ kankan ní ọjà Kàbà tó máa fún èèyàn ní irú èyí lọ́jọ́ tó bá dá owó.

Bó bá ti lọ sókè jù, èrè náà á dín díẹ̀. Bí olùkọ́ yìí bá ń san ₦30,000 lóṣù, ₦312,000 àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ló máa gba ìdá 18 padà. ₦48,000 tó kù ti bọ́ sí ìpele ìdá 15. Ohun tó máa jẹ́ èrè rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ₦63,360. Ó ṣì dára. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí i pé ìdá tí èèyàn ń gbà padà ni ìdá ìpele tí owó rẹ̀ dé lókè pátápátá.

Ìdí nìyẹn tí àǹfààní yìí kò fi kan ẹni tí owó rẹ̀ kéré. Ẹni tó ń gba ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ọdún 2024, kò san owó orí rárá. Bó bá ṣe àfikún, owó ló fi pamọ́, kò rí ẹ̀dínwó gbà. Ẹni tó ń gba ₦100,000 lóṣù, tó sì ṣe àfikún ₦5,000, ₦9,000 ni owó orí rẹ̀ máa dín kù lọ́dún. Kì í ṣe ohun tí a ń ju nù, ṣùgbọ́n bí owó ilé ìwé ọmọ bá ṣì wà nílẹ̀, èmi kò ní dá a lẹ́bi bó bá ní òun á dúró ná. Ètò tó ń fún olówó ní púpọ̀ ju aláìní lọ nìyí, ó sì yẹ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ohun kan tún wà tó mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì nísinsìnyí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Títí di òpin ọdún 2025, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń jẹ ẹ̀dínwó kan láìṣe ohunkóhun: ₦200,000 tàbí ìdá 1 nínú 100 owó rẹ̀, èyí tó bá pọ̀ jù, pẹ̀lú ìdá 20 gbogbo owó tó wọlé fún un. Òfin tuntun ti fa ìyẹn tu. Ohun tó fi rọ́pò rẹ̀ ń béèrè ẹ̀rí: ìdá 20 owó ilé tí èèyàn san lọ́dún, tí kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ, èlé owó tí a yá kọ́ ilé tí a ń gbé, owó adójútòfò ẹ̀mí, owó adójútòfò ìlera, owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó ń gbé ilé bàbá rẹ̀ ní Kàbà, tàbí tó ti fi owó ara rẹ̀ kọ́lé láìyá owó ní báǹkì, kò ní rísíìtì ilé láti fi hàn. Àwa tí a fi kíkọ́lé ṣe nǹkan àkọ́kọ́ nínú ayé wa ni òfin yìí fi sílẹ̀ jù lọ lápá yẹn. Owó ìfẹ̀yìntì wà lára ìwọ̀nba ibi tí irú wa ṣì lè fẹsẹ̀ lé.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí owó náà gbà wọlé kò rọrùn láti gbà jáde. Ìlànà tí PenCom, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso owó ìfẹ̀yìntì, gbé kalẹ̀ pín àfikún àtinúwá òṣìṣẹ́ sí méjì ọgbọọgba. Ìdajì ni èèyàn lè béèrè fún kó tó fẹ̀yìn tì, ìdajì tó kù di ti ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Ìdajì tí a lè gbà náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì ni. Òfin 2014 sì fi nǹkan mìíràn kún un: bí owó náà kò bá tíì pé ọdún márùn-ún nínú àkáǹtì kí a tó mú un jáde, wọ́n á ka owó orí lé èrè tó ti jẹ. Ìdí wà fún un. Nígbà tí okùn ìlànà náà ṣì dẹ̀, àwọn kan tí owó oṣù wọn tóbi máa ń da owó sínú RSA lónìí, wọ́n á gba ẹ̀dínwó owó orí, wọ́n á sì kó o jáde láìpẹ́. Wọ́n sọ àkáǹtì arúgbó di ọ̀nà ẹ̀bùrú. Àwọn ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wa.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ará ilé wa tó wà ní Maryland àti Houston ń sọ nípa ètò tiwọn lọ́hùn-ún, tí àwọn tó wà nílé á sì máa rò pé tòkè òkun ló dára jù. Ó yẹ ká fi wéra. Ní Amẹ́ríkà, èèyàn lè ní ètò ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń pè ní 401(k) níbi iṣẹ́, kó tún ṣí àkáǹtì tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IRA, èyí tí òfin ọdún 1974 dá sílẹ̀. Ní ọdún 2025, $7,000 ni ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún lè san sínú IRA. Ṣùgbọ́n bó bá ti ní ètò níbi iṣẹ́, ẹ̀dínwó owó orí lórí IRA náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù nígbà tí owó àpọ́n bá dé $79,000 lọ́dún yẹn, á sì tán pátápátá ní $89,000. Tiwa kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀. Bí owó oṣù ti wù kó tóbi tó, àfikún rẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Ìyàtọ̀ tó ga jù ni ti ìgbà tí owó bá ń jáde. Ẹni tó gba ẹ̀dínwó lórí IRA máa san owó orí nígbà tó bá ń gba owó náà lọ́jọ́ ogbó. Ṣe ni wọ́n sún owó orí náà síwájú fún un. Ní Nàìjíríà, owó tí a gbà nígbà ìfẹ̀yìntì lábẹ́ òfin yìí kò ní owó orí. Wọn kò kà á nígbà tó ń wọlé, wọn kò sì ní kà á nígbà tó bá ń jáde. Ní ti owó orí nìkan, tiwa ló dùn jù.

Owó orí nìkan kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀, ibí sì ni àwọn àgbẹ̀ wa ti máa ń borí nínú àríyànjiyàn. Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Òkun tó fẹ́ múra de ọjọ́ alẹ́ kì í ronú kan RSA lákọ̀ọ́kọ́. Ó ń gbin kajú. Ó ń ra ilẹ̀ sí ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Ní Bùnú láyé àtijọ́, aṣọ híhun tí wọ́n kó jọ sínú àpótí jẹ́ ọrọ̀ gidi, pàápàá aṣọ ìpò pupa tí wọ́n fi ń ṣe ìsìnkú àwọn ènìyàn ńlá. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ní ohun kan tí náírà kò ní: ọ̀wọ́n gógó kì í tètè jẹ wọ́n run. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìṣirò ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé iye owó ọjà ti fi ìdá 34.8 nínú 100 ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìfẹ̀yìntì sì wà nínú ìwé gbèsè ìjọba àpapọ̀, tí èlé rẹ̀ kò tó ìyẹn. Owó ń pọ̀ lójú ìwé, agbára rẹ̀ ń dín kù lọ́jà.

Mo gbà bẹ́ẹ̀, mi ò sì rí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀. Síbẹ̀, mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ sí oko kajú. Iná ọ̀gbẹlẹ̀ lè wọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn tó ń ra èso ló ń sọ iye tí wọ́n máa rà á, iye náà sì lè já lulẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó burú jù ni pé oko ń béèrè ara. Ẹni tó bá di ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, tí orúnkún ti kọ̀, á fi oko náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ohun tí ẹni yẹn bá mú wá ló máa gbà. Ilé tí a kọ́ sí abúlé ńkọ́? Ilé yẹn ń fún ni ní iyì, ṣùgbọ́n ó ṣòro kó fún ni ní owó oògùn lóṣooṣù, torí pé ní ọ̀pọ̀ abúlé wa, kò sẹ́ni tó máa yá a gbé. Ọmọ ìyá kò sì lè wá sọ pé kí a ta ìdajì RSA láti fi ṣe òkú. Lójú tèmi, títì tí wọ́n ti ìdajì owó náà mọ́lẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń bínú sí wúlò fún ẹni tí ìbátan rẹ̀ pọ̀. Òótọ́ ni mo ń sọ.

Nítorí náà, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi oko sílẹ̀. Ìdá 18 tí ìjọba ń dá padà lójú ẹsẹ̀ ni kí èèyàn fi ṣe ìwọ̀n: ó ń dí apá kan lára ihò tí ọ̀wọ́n gógó ń gbẹ́, kò dí gbogbo rẹ̀. Bí ọdún tó kù láti fẹ̀yìn tì bá ti ń kéré ni ihò náà ń kéré, tí títì náà sì ń fúyẹ́. Ẹni ọgbọ̀n ọdún tó ṣe àfikún lónìí máa dúró ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ìdajì yẹn tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹni ọdún márùnléláàádọ́ta tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti jáde ní yunifásítì, tó ń gba owó ọ̀gá, tó sì ku ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, òun ni mo rí pé ètò yìí bá mu jù. Ìgbà yẹn gan-an ni owó orí máa ń wúwo jù.

Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò le. Agbanisíṣẹ́ ni a ń kọ̀wé sí, kì í ṣe báǹkì, torí pé láti inú owó oṣù ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti yọ ọ́. A ó sọ iye tí a fẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. A ó fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí PFA wa, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó náà. Kì í ṣe ọwọ́ wọn ni owó gan-an wà, ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń tọ́jú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá san owó oṣù, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìtanràn tí kò dín sí ìdá 2 nínú 100 ń gùn ún lóṣù kọ̀ọ̀kan. Bí PFA kan kò bá tẹ́ni lọ́rùn, láti oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni ọ̀nà ti ṣí láti kó lọ sí òmíràn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ibi tí nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣètò owó oṣù. Ó lè yọ àfikún náà bó ṣe yẹ, kó sì gbàgbé láti dín owó orí kù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìyà méjì lèèyàn ń jẹ: owó rẹ̀ ti wà ní títì, kò sì rí ẹ̀dínwó tó tìtorí rẹ̀ tì í. Nítorí náà, ẹ fi péésílíìpù oṣù tí ẹ bẹ̀rẹ̀ wé ti oṣù tó ṣáájú. Bí àfikún bá jẹ́ ₦20,000 lóṣù fún olùkọ́ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan, owó orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ₦3,600 dín kù. Bí kò bá dín, ẹ lọ bá wọn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí owó náà tó dé ọ̀dọ̀ àjọ tó ń gba owó orí ní ìpínlẹ̀ Kogí, torí pé gbígba owó padà lọ́wọ́ ìjọba yàtọ̀ sí dídènà rẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó fura lè kọ ọ́ sínú ìwé owó orí ọdọọdún tí èèyàn ń fi ránṣẹ́ kí oṣù kẹta tó parí, pẹ̀lú ìwé àkáǹtì tí PFA ń fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Oṣù kìn-ín-ní ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ọdún owó orí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀wé tirẹ̀ ní oṣù kẹwàá, oṣù mẹ́ta péré ni ẹ̀dínwó rẹ̀ máa kárí lọ́dún náà.